Alárenà Epo àti Omi: Àwọn Ọ̀nà Kẹ́míkà fún Yíya Epo kúrò lára Omi ní Ilé-Iṣẹ́, àti Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Fi Èdè Yorùbá Kọ́ Wọn

Ìfáàrà

Láwùjọ Yorùbá, nígbà tí àgbà bá fẹ́ ṣàpèjúwe ohun méjì tí kò lè rẹ́ láéláé, epo àti omi ni ó sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Àkíyèsí yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ẹni tí ó bá da epo pupa sínú igbá omi yóò rí i pé epo náà yóò gòkè, yóò sì tẹ́ rẹrẹ lójú omi. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé àkíyèsí yìí dé ilé-iṣẹ́ ńlá, ìṣòro tí yóò bá níbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ohun tí ń da àwọn ẹnjiníà láàmú níbẹ̀ ni pé epo àti omi ti rẹ́, wọn kò sì gbà láti pínyà mọ́. Omi tí ń tú jáde láti ilé ìfúnpo, omi tí ń bá epo rọ̀bì jáde láti inú kànga, omi tí wọ́n fi ń mú irin tutù nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gé e: nínú gbogbo wọn ni epo ti fọ́n ká bí ìkúùkuu. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ nínú táńkì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ láìsí pé epo léfòó.

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ọgbọ́n kẹ́míkà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò láti tú irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ká. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe epo ni kẹ́míkà ń bá jà, kì í sì í ṣe omi. Ẹnì kẹta kan wà láàárín wọn tí ó so wọ́n pọ̀, òun gan-an ni iṣẹ́ náà dá lé lórí. Olùkọ́ tí ó bá mọ ẹnì kẹta yìí ní àmọ̀dunjú kò ní nílò àkọ́sórí, nítorí pé gbogbo ọ̀nà tí ó kù yóò yé e láti ibẹ̀. Èdè Yorùbá sì ti ní orúkọ tí ó bá a mu.

Bí Epo Ṣe Ń Léfòó

Epo fúyẹ́ ju omi lọ. Bí lítà omi kan bá wọn kílógíráàmù kan, lítà epo pupa kan kì í ju nǹkan bí 0.9 kílógíráàmù lọ. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ó ń ti epo sókè. Ṣùgbọ́n bí ìtìsókè náà yóò ṣe yá tó wà lọ́wọ́ bí ẹ̀kán epo kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Ní ọdún 1851 ni George Gabriel Stokes, onímọ̀ ìṣirò kan ní Yunifásítì Cambridge, gbé òfin kan jáde lórí èyí: bí a bá sọ ẹ̀kán di ìlọ́po méjì ní fífẹ̀, eré rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin, bí a bá dín in kù sí ìdá mẹ́wàá, eré rẹ̀ yóò dín kù sí ìdá ọgọ́rùn-ún.

Ó dára kí olùkọ́ ṣe ìṣirò yìí lójú pátákó, nítorí pé ó ń ya ènìyàn lẹ́nu. Máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Bí ẹ̀kán epo bá fẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 150, tí omi inú táńkì sì jìn tó mítà kan, ẹ̀kán náà yóò ti ìsàlẹ̀ dé òkè láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 14. Bí ó bá jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 15, yóò gbà á tó wákàtí 23. Bí ó bá jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ péré, yóò gbà á ju oṣù mẹ́ta lọ, bí omi náà bá tilẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ láìmì. Ìdí nìyí tí táńkì ńláńlá tí wọ́n ń lò ní ilé ìfọ̀po láti jẹ́ kí epo léfòó fúnra rẹ̀ fi jẹ́ pé ẹ̀kán tí ó tó máíkírọ́ọ̀nù 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n kọ́ wọn fún. Èyí tí ó kéré sí i yóò bá omi kọjá lọ.

Ìbéèrè tí ó kàn ni pé kí ló dé tí àwọn ẹ̀kán kéékèèké wọ̀nyí kò fi so mọ́ ara wọn kí wọ́n di ńlá? Ẹ̀kán méjì tí ó bá pàdé lójú ọbẹ̀ máa ń wọnú ara wọn. Kí ni kò jẹ́ kí ti inú táńkì ṣe bẹ́ẹ̀?

Alárenà

Nínú ètò ìgbéyàwó ìbílẹ̀, alárenà ni ẹni tí ó ń dúró láàárín ìdílé ọkọ àti ìdílé ìyàwó. Ó ní ẹsẹ̀ kan nílé tibí, ó ní ẹsẹ̀ kan nílé tọ̀hún, àwọn méjèèjì sì ń gbà á láyè. Ọṣẹ gan-an nìyí. Mólékù ọṣẹ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ kan fẹ́ràn omi, ìrù rẹ̀ sì fẹ́ràn epo. Bí a bá po epo mọ́ omi ọṣẹ, ọ̀kẹ́ àìmọye mólékù ọṣẹ yóò yí ẹ̀kán epo kọ̀ọ̀kan ká, wọn yóò ki ìrù wọn bọ inú epo, wọn yóò sì kọ orí wọn sí omi. Báyìí ni ẹ̀kán epo ṣe di ohun tí ó wọ aṣọ. Orí àwọn mólékù wọ̀nyí sì ru agbára iná tí wọ́n ń pè ní nẹ́gétíìfù. Ohun méjì tí ó bá ru irú iná kan náà a máa ti ara wọn sẹ́yìn. Nítorí náà, bí ẹ̀kán epo méjì bá fẹ́ pàdé, aṣọ ara wọn yóò ti wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ara wọn.

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé bí ojú bá mọ ojú tán, alárenà a yẹ̀ bá. Ibi tí àfiwé yìí ti yapa ni ibi tí ẹ̀kọ́ náà wà: alárenà epo àti omi kì í yẹ̀ bá fúnra rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà láàárín wọn, ìgbéyàwó náà kò ní tú. Gbogbo ọ̀nà kẹ́míkà tí ó wà kò ju pé kí a sọ alárenà di aláìlágbára, kí a gba iná ara rẹ̀, tàbí kí a fi ẹlòmíràn tí kò mọ iṣẹ́ náà rọ́pò rẹ̀.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé kì í ṣe ọṣẹ nìkan ni alárenà. Nínú omi ilé ìfúnpo, púrótéènì àti ohun yíyọ̀ tí ó wà nínú ẹran ẹyìn ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nínú epo rọ̀bì, àwọn ohun dúdú wíwúwo kan tí wọ́n ń pè ní asphaltene ni. Nínú omi ẹ̀rọ agérin, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó fi alárenà sí i, nítorí pé ó fẹ́ kí epo àti omi jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí irin. Bí alárenà ṣe yàtọ̀ ni oògùn rẹ̀ ṣe yàtọ̀, àṣìṣe tí ó sì wọ́pọ̀ jù nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kí wọ́n to orúkọ kẹ́míkà jọ láìsọ irú alárenà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún.

Bí Kẹ́míkà Ṣe Ń Tú Wọn Ká

Ọ̀nà tí ó pẹ́ jù tí ó sì rọrùn jù láti lóye ni ti ásíìdì. Bí a bá da ásíìdì sínú omi ọlọ́ṣẹ tí epo wà, ásíìdì yóò pa orí ọṣẹ dà. Orí tí ó fẹ́ràn omi tẹ́lẹ̀ yóò pàdánù iná rẹ̀, kò sì ní fẹ́ràn omi mọ́. Ọṣẹ yóò padà di ohun tí wọ́n fi ṣe é, èyí ni pé yóò di ọ̀rá, yóò sì bá epo lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gé irin máa ń da ásíìdì súfúríìkì sínú omi ẹ̀rọ wọn tí ó ti gbó, títí ìkan rẹ̀ yóò fi sọ̀kalẹ̀ sí pH 2 sí 4, epo yóò sì gòkè. Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Omi kíkan bẹ́ẹ̀ yóò máa jẹ irin táńkì, kò sì ṣeé dà sódò, àfi bí wọ́n bá tún fi kẹ́míkà mìíràn pa ìkan rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn iyọ̀, ọ̀rẹ́ àtijọ́ sì ni èyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá. Álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá ń jù sínú ìkòkò omi odò kí ó lè tòrò ni ilé-iṣẹ́ ń dà sínú omi elépo. Nínú álọ́ọ̀mù ni alumíníọ̀mù wà, tí ó ru iná pósítíìfù mẹ́ta. Bí ó bá wọnú omi, yóò sáré lọ bá orí nẹ́gétíìfù àwọn alárenà, yóò pa iná wọn, àwọn ẹ̀kán epo yóò sì lè pàdé ara wọn. Hans Schulze ní ọdún 1882 àti William Hardy ní ọdún 1900 ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí iye iná ara iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni agbára rẹ̀ láti mú nǹkan dì ṣe ń pọ̀, kì í sì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Nínú ìṣirò àwọn tí ó tẹ̀lé wọn, bí agbára iyọ̀ oníná kan bá jẹ́ 1, ti oníná méjì lè tó 64, ti oníná mẹ́ta sì lè tó 729. Abájọ tí iyọ̀ ọbẹ̀ fi ní láti pọ̀ rẹpẹtẹ kí ó tó ṣe ohun tí ìwọ̀nba álọ́ọ̀mù ń ṣe.

Álọ́ọ̀mù tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Bí ìkan omi bá wà láàárín pH 6 sí 7, alumíníọ̀mù yóò di ìṣù rírọ̀ bí òwú. Ìṣù yìí yóò máa gbá àwọn ẹ̀kán epo tí ó ṣẹ́kù mọ́ra. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa ń fi pólímà sí i, ìyẹn mólékù gígùn bí okùn tí yóò so ìṣù kan mọ́ èkejì títí wọn yóò fi tóbi. Ìwọ̀nba gíráàmù díẹ̀ péré nínú omi ẹgbẹ̀rún lítà sábà máa ń tó. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, wọ́n á tún fi afẹ́fẹ́ sínú omi tí wọ́n fi agbára há mọ́; bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò yọ jáde ní wẹ́wẹ́ bíi ti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, yóò sì gbé ìṣù epo sórí.

Ibi kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé bí oògùn bá pọ̀ sí i, iṣẹ́ rẹ̀ yóò dára sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Bí kẹ́míkà oníná pósítíìfù bá pọ̀ jù, yóò bo ara ẹ̀kán epo tán, iná ara ẹ̀kán yóò yí padà di pósítíìfù, wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn sẹ́yìn. Oògùn ti di alárenà tuntun. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ fi máa ń to ife mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí tábìlì, tí wọ́n á fi omi kan náà kún gbogbo wọn, tí wọ́n á sì fi ìwọ̀n kẹ́míkà tí ó yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó mọ èyí tí wọn yóò lò nínú táńkì. Omi àná lè yàtọ̀ sí tòní, nítorí náà wọ́n á tún dán an wò.

Ní ti epo rọ̀bì, ọ̀rọ̀ náà yí padà: níbẹ̀, omi ni ó fọ́n ká sínú epo. Bí epo bá ń ti inú kànga jáde, bí èyí tí wọ́n ń wà lójú òkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òndó, omi iyọ̀ a máa bá a wá, ọ̀nà tóóró tí wọ́n sì gbà kọjá yóò ti pò wọ́n pọ̀. Omi kò gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú epo tí wọn yóò tà, iye tí wọ́n fàyè gbà kì í sì í sábà ju 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. William S. Barnickel, ará Saint Louis ní Amẹ́ríkà, ni ó gba ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ ní ọdún 1914 lórí ọ̀nà kẹ́míkà fún títú irú epo bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni òwò ńlá yìí sì ti gbèrú. Kẹ́míkà tí wọ́n ń lò lónìí máa ń sáré dé ojú ẹ̀kán omi, á ti asphaltene kúrò níbẹ̀, á sì gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ tí òun ṣe kò lágbára, ó máa ń tètè ya. Omi yóò wọnú omi, yóò sì rì sísàlẹ̀. Omi tí ó rì yìí náà kò tíì mọ́, nítorí náà iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀. Ní ojú òkun Amẹ́ríkà, ìpíndọ́gba epo inú omi tí wọ́n ń dà padà sókun kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 29 nínú lítà kan lọ láàárín oṣù kan.

Ọ̀pẹ Tí Ó Re Ìdálẹ̀

Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí ó wà, ti epo pupa ni ó súnmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá jù. Obìnrin tí ń ṣe epo mọ̀ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti se ẹyìn, tí wọ́n gún un tàbí tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú kòtò, omi ni wọn yóò bù sí i. Wọn yóò pò ó, ìfófó olómi pípọ́n yóò gòkè, wọn yóò bù ú kúrò lójú omi, wọn yóò sì gbé e kaná. Ìgbà tí ó bá ń ta pàrà-pàrà nínú ìkòkò, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí ariwo náà bá dákẹ́, epo ti jinná. Ohun tí iná ń ṣe níbẹ̀ ju pé ó ń mú omi gbẹ lọ. Ooru ń mú kí púrótéènì tí ó bo ẹ̀kán epo dì, gẹ́gẹ́ bí ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná. Alárenà kú sójú iná. Iṣẹ́ kẹ́míkà ni èyí, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀.

Omi tí ó ṣẹ́kù ni ìṣòro wà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwọ̀nba epo, wọ́n lè dà á sẹ́yìnkùlé kí ilẹ̀ mu ún. Ibi tí ẹ̀rọ bá dé, ó di odò. Malaysia ni ó kọ́kọ́ bá ìṣòro yìí pàdé ní ńláńlá. Ọ̀pẹ tí wọ́n ní lọ́hùn-ún, láti Áfíríkà ni ó ti lọ: ní ọdún 1848 ni wọ́n gbin igi mẹ́rin sí ọgbà Bogor ní erékùṣù Java, ní ọdún 1917 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ oko ọ̀pẹ olówò àkọ́kọ́ ní Selangor. Nígbà tí ilé ìfúnpo ti pọ̀ níbẹ̀, odò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí wọ́n bá fún tọ́ọ̀nù epo kan, nǹkan bí tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ omi ẹlẹ́rẹ̀ gbígbóná ni yóò bá a jáde. Omi náà kò ní májèlé. Ohun tí ó ń pa ẹja ni pé àwọn kòkòrò àìfojúrí máa ń jẹ epo àti oúnjẹ inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń mí gbogbo ọ́síjìn inú odò tán. Ọ́síjìn tí lítà kan omi yìí ń fẹ́ tó mílígíráàmù 25,000, ìyẹn ìlọ́po bí ọgọ́rùn-ún ti omi ìdọ̀tí ilé. Òfin tí Malaysia ṣe ní ọdún 1977 pàṣẹ pé kí iye yìí wá sílẹ̀ sí 5,000 ní ọdún 1978, ó sì ń fún un pọ̀ lọ́dọọdún títí ó fi di 100 ní ọdún 1984.

Kì í ṣe kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ ilé ìfúnpo ibẹ̀ fi dé ibẹ̀. Ooru àti sùúrù ni wọ́n kọ́kọ́ fi gba epo tí ó ṣeé gbà padà, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ adágún omi lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n sì jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí jẹ ìyókù níbẹ̀ kí omi tó dé odò. Èyí tọ́ láti tẹnu mọ́. Álọ́ọ̀mù lè mú omi ilé ìfúnpo tòrò láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí ó ń fi sílẹ̀ pọ̀, ó sì ṣòro láti fi irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ajílẹ̀. Omi tí kò ní májèlé tẹ́lẹ̀ kò yẹ kí a tètè fi kẹ́míkà bá a sọ̀rọ̀. Ti ẹ̀rọ agérin tàbí ti epo rọ̀bì yàtọ̀, nítorí pé ìdúró lásán kò lè tú alárenà tiwọn.

Ọ̀rọ̀ Èdè-Ìperí

Iṣẹ́ tí ó ti wà nílẹ̀ lórí èdè-ìperí Yorùbá, pàápàá èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, dá lé ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́ kò sí lára rẹ̀. Síbẹ̀, ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ tí Babs Fáfúnwá darí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ ní ọdún 1970, ti fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin èdè abínibí fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, wọ́n sì fagi lé e ní ọdún 2025. Ìfagilé yìí kò yí i padà pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe epo ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí ní Yorùbá kí ó tó wọ kíláàsì. Olùkọ́ tí kò bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi bá a sọ ìdajì kejì yóò mú un gbàgbé èyí tí ó mọ̀.

Fún ìdí èyí, àbá díẹ̀ wà níhìn-ín. Ìdàpọ̀ epo àti omi tí kò pínyà ni a lè pè ní àlùpọ̀ wàrà, nítorí pé wàrà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá tí ó fọ́n ká sínú omi, tí púrótéènì sì jẹ́ alárenà rẹ̀. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni alárenà. Iyọ̀ tí ń pa iná ara ẹ̀kán ni amúdì, pólímà tí ń kó ìṣù jọ ni amúṣù, kẹ́míkà tí wọ́n ń lò fún epo rọ̀bì sì lè jẹ́ atúlùpọ̀. Amúdì àti amúṣù jọra létí, wọ́n sì lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Bí olùkọ́ kan bá rí èyí tí ó sàn jù, kí ó lò ó. Èyí tí kò yẹ kí ó yí padà ni alárenà, nítorí pé àlàyé wà nínú orúkọ náà.

Nínú Kíláàsì

Ife mẹ́rin tí a lè rí inú rẹ̀ ti tó, pẹ̀lú omi, òróró, ọṣẹ dúdú, ọṣẹ oníyẹ̀fun àti ọsàn wẹ́wẹ́. Kò sí ìdí láti mú ásíìdì ilé-iṣẹ́ dé iwájú ọmọdé. Kí olùkọ́ dán gbogbo rẹ̀ wò nílé kí ó tó dé kíláàsì, nítorí pé ọṣẹ dúdú kan máa ń le ju òmíràn lọ, ó sì lè gba ọsàn púpọ̀.

Nínú ife kìíní, kí omi àti òróró síbí kan wà. Kí wọ́n bò ó, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì fi sílẹ̀: epo yóò léfòó. Nínú ife kejì àti ìkẹta, kí ọṣẹ dúdú ti yọ́ sínú omi kí òróró tó wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n, yóò ki bí omi ògì, kò sì ní tètè pínyà. Ife kejì yóò dúró bẹ́ẹ̀ fún ìfiwéra. Kí wọ́n wá máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife kẹta díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa rò ó jẹ́jẹ́. Yóò dé ibì kan tí ìdì funfun yóò yọ, tí epo yóò gòkè, tí omi ìsàlẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tòrò. Nínú ife kẹrin, kí ó jẹ́ ọṣẹ oníyẹ̀fun ni wọn yóò lò, kí wọ́n sì fún ọsàn sí i bákan náà. Kò ní tú bíi ti ìkẹta, nítorí pé alárenà inú ọṣẹ oníyẹ̀fun kì í bẹ̀rù ìkan.

Níbí ni àwọn ọmọ yóò ti béèrè ibi tí ọṣẹ inú ife kẹta lọ. Kí olùkọ́ má tíì dáhùn. Kí ó ní kí ọ̀kan nínú wọn fi ìka méjì mú ìdì funfun náà, kí ó fi omi ra á lọ́wọ́. Yóò rí i pé kò hó mọ́, ó kàn ń yọ̀ bí ọ̀rá ni.